Owó Ẹgbẹ́ àti Ẹni Tí Ó Di Àpò Rẹ̀ Mú

Òṣìṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé ilé-iṣẹ́ kan ní àgbègbè tí ó ti Ìlúpéjú lọ dé Ìkẹjà, tí ó sì ti Ìkẹjà nà dé Agége, yóò rí i ní òpin oṣù, bí ó bá fara balẹ̀ ka ìwé tí wọ́n fi sanwó fún un, pé lẹ́yìn tí ìjọba ti mú owó-orí tirẹ̀, tí wọ́n sì ti yọ owó ìfẹ̀yìntì sápá kan, owó kékeré kan tún wà tí wọ́n yọ fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, èyí tí àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ náà ń pè ní check-off. Kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni dúró níwájú rẹ̀ láti bi í bóyá ó fẹ́ san án tàbí kò fẹ́. Owó náà kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ ni ó pọ̀, nítorí ó kan ẹ̀tọ́ ẹnìkan láti dá dúró, ó kan ẹ̀tọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn láti parapọ̀, ó sì kan oúnjẹ tí ń bẹ nínú ìkòkò àwọn tí ń fi òógùn ojú wọn jẹun ní Èkó Akéte, Èkó aròmisá lẹ̀gbẹlẹ̀gbẹ.

Èmi tí mò ń kọ èyí ti ṣe akọ̀wé ẹ̀ka ẹgbẹ́ rí ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, mo ti ṣe akápò, mo ti bá àwọn agbanisíṣẹ́ jókòó ìdúnàádúrà láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì ti dúró lẹ́nu géètì ní ọjọ́ tí wọ́n ń lé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè gbọ́ kí a máa sọ ọ̀rọ̀ owó ẹgbẹ́ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án, yálà kí a pè é ní olè lásán, tàbí kí a pè é ní ohun mímọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bi léèrè.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìjà ńlá ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́. Ní 1947 ni àwọn aṣòfin wọn ṣe òfin Taft-Hartley, tí ó fàyè gba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ṣòfin pé a kò gbọdọ̀ mú òṣìṣẹ́ ní dandan láti san owó ẹgbẹ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Florida àti Arkansas tilẹ̀ ti fi irú rẹ̀ sínú òfin tiwọn láti 1944. Lónìí, ìpínlẹ̀ 26 nínú 50 ni ó ní òfin náà, tí wọ́n ń pè ní right-to-work. Texas wà nínú wọn, Georgia wà nínú wọn, tí ó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston àti ní Atlanta wà lábẹ́ òfin kan, àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tí ó wà ní Maryland àti New York sì wà lábẹ́ òmíràn. Michigan, ìpínlẹ̀ àwọn aṣe-mọ́tò, wọ inú rẹ̀ ní 2012, ó sì tún jáde: wọ́n fagi lé òfin náà ní 2023, ìfagilé náà sì múlẹ̀ ní oṣù Èrèlé 2024. Ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ilé-ẹjọ́ wọn tí ó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ ní 2018, nínú ẹjọ́ Janus, pé a kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ san. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti mọ ìgbà kan rí tí ẹni tí kò bá sí nínú ẹgbẹ́ kì í ríṣẹ́ ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè mẹ́ta tí wọ́n lé nítorí pé wọ́n kọ̀ láti wọ ẹgbẹ́ gbé ẹjọ́ wọn dé ilé-ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì jàre ní 1981. Nígbà tí yóò fi di 1990, òfin ti pa àṣà náà rẹ́ níbẹ̀.

Òfin tiwa gba ọ̀nà mìíràn, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́, àti ọ̀pọ̀ ọ̀gá pàápàá, ni kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹni bá ka Òfin Iṣẹ́ tí ìjọba ológun ṣe ní 1974, pẹ̀lú àtúnṣe tí ó tẹ̀lé e, yóò bá ohun méjì níbẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé wọ́n ń bá ara wọn jà. Ní apá kẹsàn-án, òfin náà sọ pé kò sí agbanisíṣẹ́ tí ó gbọdọ̀ fi wíwà nínú ẹgbẹ́ tàbí àìsí nínú rẹ̀ ṣe ohun tí yóò fi gba ènìyàn síṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ torí rẹ̀ lé ènìyàn tàbí kí ó ni ín lára. Ní apá karùn-ún ẹ̀wẹ̀, ó pàṣẹ pé nígbà tí a bá ti forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí a sì ti fọwọ́ sí i, kí agbanisíṣẹ́ máa yọ owó ẹgbẹ́ nínú owó gbogbo òṣìṣẹ́ tí ó tọ́ sí láti wà nínú rẹ̀, kí ó sì fi ránṣẹ́ sí olú-ilé ẹgbẹ́ náà tààrà; ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí kò bá fẹ́ lè kọ̀wé pé òun kò fẹ́, bí ó bá sì ti kọ ọ́, a kò gbọdọ̀ yọ ohunkóhun nínú owó rẹ̀ mọ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ní 2005, nígbà ìjọba Ọbásanjọ́, tún fi kún un pé ìfẹ́ inú ẹni ni a fi ń wọ ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí a gbọdọ̀ fi ipá mú, kò sì sí ẹni tí a gbọdọ̀ fìyà jẹ nítorí pé ó kọ̀. Ilé-Ẹjọ́ Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ ti orílẹ̀-èdè yìí ti túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún wa: ní ti òṣìṣẹ́ kékeré, a kà á sí ọmọ ẹgbẹ́ títí yóò fi kọ̀wé pé òun kò ṣe, ní ti òṣìṣẹ́ àgbà, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan owó rẹ̀ títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun fẹ́.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń pariwo pé dandan ni owó ẹgbẹ́ ní Nàìjíríà kò sọ òtítọ́ tán, ẹni tí ó bá sì ń sọ pé kò sí dandan níbẹ̀ rárá, òun náà kò sọ ọ́ tán. Ìlẹ̀kùn ń bẹ, òfin kò sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń dúró ti ẹ̀rọ láti aago méje àárọ̀ ni ó mọ̀ pé ìlẹ̀kùn náà wà? Mo lè sọ ọ́ láìsí iyèméjì pé àwọn tí mo rí tí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà lẹ́nu iṣẹ́ ẹgbẹ́, kéré níye púpọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tí kò kọ ọ́ ni inú wọn dùn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe èyí tí a lè yanjú láìmọ ibi tí a ti ń bọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí ní 1938, ènìyàn márùn-ún péré tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń dá a sílẹ̀ bí ẹni ń dá ilé tuntun sílẹ̀ lábúlé. Kò sí ẹni tí ń bá ẹgbẹ́ yọ owó nínú owó oṣù ẹnikẹ́ni nígbà náà; akápò ni yóò dúró lọ́jọ́ owó, tí yóò máa gba sísì lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, ẹni tí kò bá sì rí ohun tí ẹgbẹ́ ń ṣe yóò kọjá lọ láìwo ojú rẹ̀. Síbẹ̀, irú ẹgbẹ́ tí ó tálákà báyìí ni ó ṣe ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1945, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Òkúdu, tí ó sì lé ní ogójì ọjọ́, tí rélùwéè, ilé ìfìwéránṣẹ́ àti àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn fi dákẹ́ rọ́rọ́, pẹ̀lú Michael Imoudu níwájú, akọni ọkùnrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìgbèkùn ìjọba dé. Àwọn obìnrin ọjà Èkó, tí Alimotu Pelewura jẹ́ olórí wọn, ṣe àtìlẹ́yìn fún àwọn òṣìṣẹ́ náà, Hubert Ògúńdé sì fi ọ̀rọ̀ ìyà wọn ṣe eré tí ó pè ní Strike and Hunger. Èyí ni mo máa ń rántí nígbàkígbà tí ọ̀dọ́ kan bá sọ fún mi pé láìsí owó, kò sí ẹgbẹ́. Ohun tí ó wà nínú àpò wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ara wọn lójú, wọ́n mọ ara wọn nílé, ojú sì lọ̀rọ̀ wà.

Òtítọ́ tí ó wà lódì kejì ni pé ìṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ní ewu tirẹ̀. Láàárín 1950 sí 1975, àwọn àgbà ẹgbẹ́ pín sí ọ̀nà méjì, mẹ́ta, mẹ́rin. Ìhà kan ń fojú sí Brussels, ìhà kejì ń fojú sí Prague, nítorí pé àwọn aláwọ̀ funfun tí ń bá ara wọn jìjà àgbáyé ni ó ń fi owó ọkọ̀, owó ọ́fíìsì àti owó ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí wọn. Ẹni tí ó bá ń jẹun lọ́wọ́ àjèjì kì í lè gbójú sókè sí àjèjì náà. Àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké pọ̀ ju ẹgbẹ̀rún lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ju òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo lọ, bí ọ̀gá bá sì ti ra akọ̀wé wọn, ó ti ra gbogbo wọn. N kò sọ pé wọn kò lágbára rárá: ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1971, nígbà tí ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adébọ̀ ti ní kí a fi owó kún owó òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà, tí àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni sì ń lọ́ tìkọ̀, irú àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ìkẹjà, láti ilé-iṣẹ́ kan bọ́ sí èkejì, tí owó náà fi jáde, ọ̀mọ̀wé Adrian Peace sì kọ ìwé kan tí ó jáde ní 1979 nípa àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége ìgbà náà. Ṣùgbọ́n iná tí ó ràn lọ́sẹ̀ yìí, tí kò sí igi tí yóò gbé e dé ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kò lè se oúnjẹ jinná.

Ní 1978 ni ìjọba ológun kó gbogbo wọn jọ, tí wọ́n sọ wọ́n di ẹgbẹ́ 42 gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, tí wọ́n fi Nigeria Labour Congress (NLC) ṣe olórí lé wọn, Hassan Sunmonu sì di ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Check-off ni òpó tí ó gbé ilé náà dúró. Ohun tí ó sì ṣe fún òṣìṣẹ́ kò kéré. Ní oṣù Èbìbí 1981, NLC yan iṣẹ́ lódì káàkiri orílẹ̀-èdè, ìyẹn ni ó sì bí òfin owó oṣù tí ó kéré jù lọ, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ₦125. Láti ìgbà náà ni gbogbo àtúnṣe rẹ̀ ti ń gba ọwọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kọjá, títí dé ₦70,000 tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Agẹmọ 2024. Ta ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀? Ẹni tí ó san owó ẹgbẹ́ ń jẹ ẹ́, ẹni tí kò san ń jẹ ẹ́, ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ti ń pe ẹgbẹ́ pàápàá ń jẹ nínú rẹ̀.

Níbí ni ìdí ọ̀rọ̀ wà. Láyé àwọn baba wa, bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń ṣe àáró, ẹni tí kò bá bá wọn lọ sí oko ẹlòmíràn lónìí mọ̀ dájú pé kò sí ẹni tí yóò bá òun lọ sí oko tòun lọ́la. Kò sí ẹni tí yóò mú un ní dandan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò bá a ro oko lọ́fẹ̀ẹ́. Àdéhùn owó iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá bá ilé-iṣẹ́ dá a pé kí owó oúnjẹ gbé pẹ́ẹ́lí sókè, kò ṣeé ṣe kí a sọ pé kí wọ́n fo ilà tí orúkọ Lágbájá wà kọjá. Ẹni tí kò bá san ń jẹ nínú rẹ̀ bákan náà. Bí ó bá ṣe ẹnìkan, kò burú. Bí ó bá ṣe ọgọ́rùn-ún, ẹni tí ó ń san yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo ara rẹ̀ bí òmùgọ̀.

Mo rántí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ilé-iṣẹ́ tí mo ti ṣe akọ̀wé, tí ó kọ̀wé pé kí wọ́n má yọ owó òun mọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni nínú ìwé náà. Ó kàn béèrè pé kí ni ẹgbẹ́ ti fi owó òun ṣe láti ìgbà tí òun ti dé, ó ní ìgbà kan ṣoṣo tí òun gbọ́ ohùn olórí ẹgbẹ́ láti òkè ni ìgbà tí wọ́n ń pín àpò ìrẹsì ọdún. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ wa bínú, wọ́n ní kí a fi hàn án pé igi kan kì í dágbó ṣe. Mo kọ̀ fún wọn, nítorí pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni òfin fún un, àti pé ìbéèrè tí ó béèrè kò ní èébú nínú. A mú ìwé rẹ̀ lọ fún ilé-iṣẹ́, wọ́n sì dá yíyọ náà dúró. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí dín òṣìṣẹ́ kù. A jókòó, a jà, a bẹ̀, a sì rí i gbà pé kí wọ́n ṣírò owó ìdágbére gẹ́gẹ́ bí ọdún tí ẹnìkọ̀ọ̀kan lò. Òun náà gba tirẹ̀ bí gbogbo ènìyàn. Ó tọ́ sí i, nítorí òun náà ṣiṣẹ́ ọdún wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀, owó agbẹjọ́rò àti òru tí a kò sùn tí ó bí owó náà, àwọn tí ń san owó ẹgbẹ́ ni ó san án. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. N kò lè sọ pé ó jalè, n kò sì lè sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ìbéèrè rẹ̀ ṣe pàtàkì ju owó rẹ̀ lọ.

Àwọn agbanisíṣẹ́ a máa sọ pé ẹgbẹ́ ni ó ń lé ilé-iṣẹ́ lọ, ẹ̀rí tí wọ́n sì máa ń mú wá ni ti Amẹ́ríkà, pé àwọn aṣe-mọ́tò láti òkèèrè lọ gúnlẹ̀ sí Tennessee àti South Carolina, níbi tí òfin right-to-work wà, wọ́n fi Michigan sílẹ̀. Òtítọ́ ni pé wọ́n lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ níbẹ̀ kò wọ́n, ìjọba ìpínlẹ̀ dín owó-orí wọn kù, owó iṣẹ́ sì ti kéré níbẹ̀ kí òfin náà tó dé. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé wọn kò tíì fẹnu kò títí di òní lórí ìdá tí ó jẹ́ ti òfin náà nìkan. Ní oṣù Igbe 2024, àwọn òṣìṣẹ́ Volkswagen ní Chattanooga, ní Tennessee kan náà, dìbò pé àwọn fẹ́ ẹgbẹ́, láìsí ẹni tí ó mú wọn ní dandan. Ẹ jẹ́ kí a padà sílé, níbi tí a ti mọ ẹni tí ó kú àti ohun tí ó pa á. Nígbà tí Ìkẹjà wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí wọ́n la ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ níbẹ̀ àti ní Ìlúpéjú, ìjọba Awólọ́wọ̀ ti fi ṣílè márùn-ún lóòjọ́ ṣe owó òṣìṣẹ́ tí ó kéré jù lọ láti 1954, àwọn oníṣòwò sì kígbe pé ìparun dé. Ilé-iṣẹ́ aṣọ, ilé ọtí, ilé táyà àti ilé kòkó sì dé bákan náà. Nígbà tí wọ́n wá ń lọ, ohun tí ó lé wọn ni iná mànàmáná tí kò sí, epo tí wọ́n fi ń tan jẹnẹrétọ̀, aṣọ fàyàwọ́ tí ó kún Balógun àti Kátángúà, àti owó-orí ẹnubodè tí wọ́n dín kù lórí táyà òkèèrè. Dunlop fi táyà ṣíṣe sílẹ̀ ní Ìkẹjà nígbà tí ọ̀rúndún yìí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Èmi kò tíì rí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kan tí owó ẹgbẹ́ ti pa á, nítorí pé àpò òṣìṣẹ́ ni owó ẹgbẹ́ ti ń jáde, kì í ṣe àpò ilé-iṣẹ́.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni mo wá ń ráhùn lé lórí? Mo ń ráhùn lórí ọwọ́ tí owó náà ń gbà kọjá. Láti ọjọ́ tí agbanisíṣẹ́ ti di ẹni tí ń bá ẹgbẹ́ gba owó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, kọ́kọ́rọ́ àpótí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ín. Mo ti mọ ilé-iṣẹ́ tí ó yọ owó náà lóṣooṣù tí kò sì fi ránṣẹ́ títí ọdún fi yí, nítorí pé ìjà wà láàárín òun àti ẹgbẹ́. Ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kò lè san owó ilé, ẹnu akọ̀wé sì bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan lè ṣe, ìjọba lè ṣe é jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1988, Babangida tú ìgbìmọ̀ NLC ká, ó sì fi alábòójútó tirẹ̀ sípò. Ní 1994, Abacha ṣe bẹ́ẹ̀ sí NLC àti sí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, àpò owó àwọn òṣìṣẹ́ sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò sí òṣìṣẹ́ kan tí ó dìbò fún un. Èyí tí ó dùn mí jù ni òfin 1996, tí ó so check-off mọ́ àdéhùn pé ẹgbẹ́ kò ní yan iṣẹ́ lódì: bí ẹ bá fẹ́ kí owó yín máa wọlé, ẹ kọ́kọ́ fi ohun ìjà yín lélẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ síwájú Imoudu ní 1945, nítorí pé sísì tí ó ń gbà kò gba ọwọ́ gómìnà kọjá.

Ìpalára kejì wà nínú ilé fúnra rẹ̀. Nígbà tí owó bá ń wọlé, yálà olórí ẹgbẹ́ dé ẹnu géètì tàbí kò dé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò dẹ́kun láti mọ ọ̀nà géètì. Mo ti rí àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí wọ́n mọ gbogbo hòtẹ́ẹ̀lì Àbújá, tí wọn kò sì lè dárúkọ obìnrin mẹ́ta tí ń dì ọṣẹ sínú páálí ní Ìlúpéjú. N kò sọ pé gbogbo wọn ni. Mo bá àwọn kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n fi owó ara wọn wọkọ̀ lọ kí òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́ ní ilé ìwòsàn, orúkọ wọn kò sì jáde nínú ìwé ìròyìn kankan títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí owó dandan ní tòótọ́, kí ó kúrò nídìí ilé-iṣẹ́, kí ó jáde sí ọ̀nà Agége lọ́wọ́ àárọ̀, kí ó wo awakọ̀ dánfó bí ó ti ń na owó jáde lójú fèrèsé ní ibùdókọ̀ kan sí èkejì. Òun kò ní ìwé kankan tí ó lè kọ pé òun kò fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Èrèlé 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé owó kan ṣoṣo kalẹ̀, ₦800 lóòjọ́, pé kí gbogbo gbígbà parí síbẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ní òpin oṣù Ọ̀wàrà, àwọn awakọ̀ ti yan iṣẹ́ lódì, wọ́n ní owó tí àwọn ń san ní ibùdókọ̀ ti pọ̀ ju agbára àwọn lọ. Awakọ̀ kì í sì í gbé ẹrù náà nìkan. Ó ń gbé e lé orí owó ọkọ̀, obìnrin tí ń ti Ìyánà Ìpájà lọ síbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú sì ń san nínú rẹ̀ lálọ, ó ń san nínú rẹ̀ lábọ̀, láìsí ìwé ìsanwó tí yóò fi hàn án. Mo gbàgbọ́ pé èyí ti gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ju check-off lọ, kò sì sí ẹni tí ń ṣe ìdúnàádúrà fún un nítorí rẹ̀.

Àwọn tí ọkàn mi sì wà lọ́dọ̀ wọn jù ni àwọn tí kò san kọ́bọ̀ fún ẹgbẹ́ kankan, tí kì í ṣe pé wọ́n kọ̀wé. Ẹ dé Town Planning Way kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ dé Ọba Ákran, ẹ dé Ọ̀rẹ́gùn, ẹ ó bá wọn níwájú géètì, casual, ọmọ kọńtírákítọ̀, tí ẹlòmíràn nínú wọn ti lo ọdún púpọ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà, tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé ilé-iṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó kọjá, kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yẹ̀ ẹ́ ni kí wọ́n dá a dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n sì tún gbà á padà bí àlejò. Kò sí ẹni tí ó yọ owó ẹgbẹ́ lára rẹ̀. Bí a bá fẹ́ fi ojú rí òmìnira kúrò lọ́wọ́ owó ẹgbẹ́ ní kíkún, òun ni ẹni tí ó ní in, owó tí ó sì ń gbà kò tó ti ẹni tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní owó ìdágbére, bí ẹ̀rọ bá gé e lọ́wọ́, wọn a ní àwọn kò mọ̀ ọ́n rí. Ní oṣù Owewe 2002, nígbà tí iná sọ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú lóru, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì jóná mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, ìbéèrè tí ó yẹ kí gbogbo ẹgbẹ́ bi ara rẹ̀ ni pé ta ni ó yẹ kí ó ti kígbe nítorí ìlẹ̀kùn náà kí iná tó dé.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa a máa wò wọ́n bí ẹni tí ó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ará ilé ẹni tí ń jẹ kòkòrò búburú, bí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀gá tí ó bá rí ẹni mẹ́wàá gbà ní owó pọ́ọ́kú kò ní ìdí tí yóò fi bá ẹni tí ó wà nínú ìwé jókòó. Ohun tí ó sì ń gbẹ àpò ẹgbẹ́ ní àgbègbè wa lónìí nìyí, kì í ṣe ìwé àwọn tí ń jáde. Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fi àtúnṣe òfin lé lọ́wọ́, n kò ní ti ìlẹ̀kùn àtijáde, n kò sì ní fẹ̀ ẹ́ jù bí ó ti wà lọ. N ó ṣí ìlẹ̀kùn àtiwọlé fún casual, kí ọjọ́ tí ó bá pé oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́ jẹ́ ọjọ́ tí ó lè fọwọ́ sí ìwé ẹgbẹ́. N ó gba owó náà kúrò lọ́wọ́ agbanisíṣẹ́; ní ayé yìí tí owó oṣù ti ń gba báǹkì wọlé, kí òṣìṣẹ́ fún báǹkì tirẹ̀ láṣẹ, kí owó lọ tààrà, kí ìjọba kankan má lè fi ìka kan dá a dúró. N ó sì pa á láṣẹ pé lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún kí akápò dúró lẹ́nu géètì, kí ó ka iye tí ó wọlé àti iye tí ó jáde létí gbogbo ènìyàn, ní èdè tí wọ́n ń sọ nídìí ẹ̀rọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní yóò dín owó tí ń wọlé kù. Mo mọ̀ pé yóò dín in kù fún ọdún kan tàbí méjì. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè fi ẹnu ara rẹ̀ gba òṣìṣẹ́ níyànjú láti dúró, owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tọ́ sí i.

Títí ìyẹn yóò fi ṣẹlẹ̀, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni lè ṣe lọ́la ní Ìlúpéjú. Òfin pa á láṣẹ pé ìwé ìlànà ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ fàyè sílẹ̀ fún ẹni tí ó ní owó nínú àpò ẹgbẹ́ láti yẹ ìwé ìṣirò wò, ẹgbẹ́ sì gbọdọ̀ fi ìṣirò ọdọọdún ránṣẹ́ sí Aforúkọ-ẹgbẹ́-sílẹ̀ ti ìjọba. Òṣìṣẹ́ tí inú rẹ̀ kò bá dùn sí owó tí wọ́n ń yọ, kí ó má tíì kọ ìwé pé òun ń jáde. Kí ó kọ́kọ́ lọ bá akọ̀wé ẹ̀ka rẹ̀, kí ó mú ẹlẹ́rìí méjì dání, kí ó ní òun fẹ́ rí ìwé ìṣirò ọdún tí ó kọjá. Bí wọ́n bá gbé e jáde, kí ó jókòó kà á tán pẹ̀lú wọn. Bí wọ́n bá kọ̀ láti gbé e jáde, nígbà náà ni kí ó mú bírò.